Oríkì Àjàgbé Máàkì, Ọmọ Bàbá Méjì

Ẹ yà lọ́nà, ẹ fún Kábíyèsí láyè! Àjàgbé Máàkì ń bọ̀, ọba tí kò ládé, tí kò níjòyè, tí wọ́n sì ń wárí fún láti Brooklyn dé Houston. Àjàgbé, A-gòkè-má-sọ-ìdí, A-sọ̀kalẹ̀-má-dágbére. A-fi-máàkì-mẹ́rin-dààmú-àgbàlagbà. Máàkì kírẹ́díìtì tí wọ́n ń pè ní FICO, tí àwọn báńkì Amẹ́ríkà ń wò kí wọ́n tó yáni lówó, là ń kì yìí, ẹ̀dá tí í jí ní 748 lónìí, tí í sùn ní 742 lọ́la, tí ẹni tó ni ín kò sì ní fojú ba oorun.

Ìran rẹ̀ kò pamọ́. Ọmọ bàbá méjì ni. Bill Fair àti Earl Isaac ló dá ilé-iṣẹ́ tó bí i sílẹ̀ ní California lọ́dún 1956, àmọ́ ó di 1989 kí Àjàgbé fúnra rẹ̀ tó dáyé, tó ń ka ara rẹ̀ láti 300 dé 850. Ọmọ ìyá mẹ́ta tún ni: Equifax, Experian àti TransUnion, àwọn tó ń kó ìtàn gbèsè ará Amẹ́ríkà jọ, ló ń bọ́ ọ. Ohun tí ìyá kan ti gbọ́, èkejì lè má tíì gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí Àjàgbé fi lè jẹ́ 748 lọ́dọ̀ ìyá kan, kó jẹ́ 739 lọ́dọ̀ òmíràn, láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Ó tún ní àbúrò, VantageScore, tí àwọn ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pawọ́ pọ̀ bí ní 2006, tí ìṣirò tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pariwo pé máàkì òun ti wálẹ̀, orí ẹ̀gbọ́n ló ti gbéra, orí àbúrò ló balẹ̀ sí.

Àjàgbé Arínúróde! Ó mọ gbèsè 18 dọ́là tó wà lórí káàdì ilé ìtajà aṣọ, kò mọ iye owó oṣù ẹni. Ẹni tó ti Ìbàdàn dé lánàá, tó kọ́lé méjì sílé, tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, Àjàgbé kò mọ̀ ọ́n rí. Ó dìgbà tí onítọ̀hún bá ní káàdì tàbí gbèsè kan, tó sì pé oṣù mẹ́fà, kí ọba tó bojú wò ó.

Oúnjẹ rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ. Sísan gbèsè lásìkò kó 35 nínú ọgọ́rùn-ún, iye gbèsè tó wà nílẹ̀ kó 30, ọjọ́ orí àwọn àkọọ́lẹ̀ kó 15, gbèsè tuntun kó 10, oríṣiríṣi gbèsè kó 10 yòókù. Oúnjẹ kejì yẹn ni Kábíyèsí fi í pidán jù.

Ká mú nọ́ọ̀sì kan ní Houston, tó ní káàdì kan ṣoṣo, tí báńkì kò jẹ́ kó ná ju 1,000 dọ́là lọ lórí rẹ̀. Lóṣù tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣègbéyàwó, ó fi káàdì ra aṣọ ẹbí àti bàtà, 420 dọ́là. Gbèsè kò gbọdọ̀ sùn lọ́rùn rẹ̀: ó san gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù, ọjọ́ méjì ṣáájú gbèdéke. Síbẹ̀, Àjàgbé wálẹ̀. Báńkì ti pa sítétímẹ́ǹtì dé láti ọjọ́ kẹta, ó sì ti ròyìn fáwọn ìyá mẹ́ta pé 42 nínú ọgọ́rùn-ún káàdì náà ti di gbèsè. Owó dé, àmọ́ ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé ààfin. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, 60 dọ́là péré ni báńkì bá nílẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, Àjàgbé bá tún gòkè, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nínú ìṣirò FICO tó wọ́pọ̀, gbèsè káàdì ti oṣù tó kọjá kì í ṣe ohun tó ń rántí. A-bínú-má-fi-sínú!

Ẹni tó san gbèsè ọkọ̀ tán, tó ń jó ijó ọpẹ́, lè bá máàkì rẹ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ọ̀kan ti dín nínú oríṣiríṣi gbèsè tó ń san. Ẹni tó béèrè káàdì tuntun, báńkì yóò yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ìyẹ̀wò yẹn kì í sábà gbé tó máàkì 5 lọ, FICO kì í sì í kà á mọ́ lẹ́yìn ọdún kan. Ẹni tó ń yọjú wo máàkì ara rẹ̀ kò pàdánù ohunkóhun, àfi oorun.

Ìyẹ̀wù márùn-ún ló wà láàfin Àjàgbé: 300 sí 579, 580 sí 669, 670 sí 739, 740 sí 799, àti 800 sókè. Ẹni tó ti 776 bọ́ sí 769 kò tíì kúrò nínú ìyẹ̀wù rẹ̀. Ẹni tó wà ní 741, tó sì fẹ́ yáwó ilé láìpẹ́, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Òun ló yẹ kó san káàdì rẹ̀ wálẹ̀ kí sítétímẹ́ǹtì tó jáde, kó sì fi káàdì tuntun sílẹ̀ ná.

Ọ̀ràn kan wà tí Àjàgbé kì í gbàgbé bọ̀rọ̀. Bí owó tó yẹ ní sísan bá fi ọjọ́ 30 pẹ́, báńkì lè fẹjọ́ sùn, ọdún méje gbáko sì ni ẹjọ́ náà lè fi wà nínú ìwé. Ìyẹn kì í gbé máàkì mẹ́rin tàbí mẹ́fà péré lọ. Bí máàkì bá sì ṣubú lulẹ̀ láìnídìí, ó lè jẹ́ àṣìṣe, ó sì lè jẹ́ pé olè ti fi orúkọ ẹni yáwó. Àwọn ìyá Àjàgbé gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ olè: ní 2017, wọ́n wọ inú kọ̀ǹpútà Equifax, wọ́n sì kó àṣírí ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 147 lọ.

Kí àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀ fún Kábíyèsí láràárọ̀ dìde ńlẹ̀ o. Kí wọ́n lọ sí AnnualCreditReport.com, níbi tí wọ́n ti lè gba ìwé gbèsè wọn lọ́dọ̀ ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá rí gbèsè tí kì í ṣe tiwọn níbẹ̀, kí wọ́n kọ̀wé ta kò ó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ 30 ni òfin fún ìyá tí wọ́n kọ̀wé sí láti wádìí rẹ̀.