Ọjọ́ Tí Wọ́n Lu Ṣaworoidẹ Nínú Àgbàlá Wa

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ògiri ilé yìí fẹ́lẹ́. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Ohun tí ojú mi bá rí nìkan lẹnu mi í sọ. Bí ojú mi bá wá ń rí púpọ̀, ṣé ẹjọ́ tèmi ni?

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Bàbá Rẹ̀mí ti lọ sìnkú ní Ìkirè, àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ọ̀yọ́. Mo wo yàrá yíká, kò sẹ́ni tó ń ké "Mọ́mì" mọ́ mi lórí. Mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ìwọ àti ìrọ̀rí ló ni òní." Mo ti ra síídì mẹ́ta bọ̀ láti Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ Furaidé, mo ti din dòdò, mo ti ti ilẹ̀kùn.

Ojúlówó ni mo rà o. Èmi kì í ra ayédèrú. Bàbá mi ló kọ́ mi, torí kò sí ohun tí wọ́n lè sọ nípa Bàbá Sálà lójú rẹ̀. Nígbà tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sálà fúnra rẹ̀, ṣe fíìmù Ọ̀run Móoru ní 1982, àwọn olè dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè sì wọ bàbá náà lọ́rùn. Bàbá mi á máa rò ó bí ẹni pé òun ló yá a lówó. Á ní, "Ẹni tó ń pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín, òun ni wọ́n wá pa lẹ́kún!" Ìyá mi á sì dáhùn láti ìdí ààrò pé, "Owó ọbẹ̀ tèmi ńkọ́, ṣé inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ ìyẹn náà sí?"

Ibo la dé? Ẹ̀n-ẹ́n, síídì.

Ó Le Kú ni mo kọ́kọ́ fi sí i, èyí tí Túndé Kèlání ṣe ní 1997 látinú ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Àjàní inú fíìmù náà kò tíì pàdé ọmọbìnrin kejì tí ẹnìkan fi kanlẹ̀kùn. Ìyá Bíọ̀lá ni. Ó fẹ́ yá iyọ̀. Ẹni tó gbọ́ orin fíìmù látojú fèrèsé tó wá ń wá iyọ̀, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe fún un? Ó jókòó. Ẹ sì wo aṣọ ọrùn rẹ̀: òlekú! Ìgbà tí fíìmù yẹn jáde tí gbogbo obìnrin tún padà sídìí ìró orúnkún ló rán an. Ìró náà kò gùn sí i láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n Ìyá Bíọ̀lá ti fẹ̀ sí i gan-an. Èmi ò sọ nǹkan kan o. Mo kàn gbé àwo dòdò mi kúrò nítòsí.

Lẹ́yìn Ìyá Bíọ̀lá ni Bọ̀dá Wẹ́dà gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ dé, àwọn ọmọdé sì tò sẹ́nu ọ̀nà bí ẹyẹ orí wáyà. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo fowó mi rà ti parí nìyẹn. Mo rò pé ó tán síbẹ̀ ni, àfi bí mo ṣe fi Ṣaworoidẹ sí i tí wọ́n mú iná lọ.

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àlàájì làńdílọ́ọ̀dù wa nìkan ló ní jẹnẹrétọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti jẹnẹrétọ̀ yẹn díẹ̀. Oṣù kejì ọdún ni kànga ilé wa gbẹ. Oṣù kẹta ni Àlàájì gba ẹgbẹ̀rún méjì náírà lọ́wọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan, yàrá mẹ́jọ, pé kí agbẹ́kànga wá gbẹ́ ẹ sí i. Oṣù karùn-ún ni jẹnẹrétọ̀ tuntun wọlé. A kò rí agbẹ́kànga títí dòní. Èmi ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni o, oṣù ni mo ń kà.

Bọ̀dá Wẹ́dà bá lọ bẹ Àlàájì. Àlàájì ní kò burú, òun náà á wá wòran. Wọ́n fa wáyà gba ojú fèrèsé, bàbá wọlé pẹ̀lú fìlà funfun tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ wúrà ṣe lára, ó sì jókòó sórí àga tìmùtìmù kan ṣoṣo tí mo ní. Èmi tí mo ra síídì, orí ẹní ni mo bá ara mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wo Ṣaworoidẹ, ẹ ṣe sùúrù fún àwọn tí kò tíì wò ó. Ìlú kan ni wọ́n ń pè ní Jogbo. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó mulẹ̀: ọba tó bá máa dé adé idẹ gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́ kó sì búra. Ẹni tí kò bá sín in tó gbé adé lérí, bí wọ́n bá ti lu ìlù ṣaworoidẹ sí i báyìí, ẹ̀fọ́rí ni yóò pa á. Lápité wá gorí oyè, ó ní òun kò ní sín gbẹ́rẹ́. Ó mọ ohun tó ń bọ̀ wá jẹ níbẹ̀. Àwọn agégẹdú ń gbé owó wá fún un, wọ́n ń gé igbó Jogbo lọ ràì, ojú àwọn àgbẹ̀ ń pọ́n.

Kúnlé, ọmọ Adé Love, wà nínú fíìmù yẹn, nígbà tí kò tíì máa ṣe fíìmù tirẹ̀. Ìyá Bíọ̀lá ní òun mọ bàbá rẹ̀ dáadáa. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Bọ̀dá Wẹ́dà mí kanlẹ̀. "Ẹ ò rí i, àwọn kan ń jẹ owó igi." Ó dákẹ́ níbẹ̀. Ìyá Bíọ̀lá wúkọ́. Èmi tẹjú mọ́ tẹlifíṣàn.

Àfi Rìdíwánù, ọmọ-ọmọ Àlàájì fúnra rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó yíjú padà, ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé wọ́n máa ń sín gbẹ́rẹ́ fún làńdílọ́ọ̀dù náà?"

Ẹ̀yin èèyàn mi! Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Àlàájì ní kí ọmọ náà gbájú mọ́ ohun tó ń wò.

A wò ó títí dé ibi tí sójà tó ń jẹ́ Lágàta ti pa Lápité, tó gba ìlú. Ọdún 1999 ni fíìmù yìí jáde o, ọdún náà gan-an tí àwọn sójà gbéjọba sílẹ̀, nítorí náà kò sí àgbàlagbà tó ń béèrè ẹni tí wọ́n ń bá wí. Lágàta gbé adé lérí, inú rẹ̀ ń dùn. Onílù bá fa ṣaworoidẹ yọ. Ìlù dún. Lágàta dì mọ́ orí.

Gbogbo wọn ń wo Lágàta. Èmi ń wo Àlàájì. Mo fi ojú mi méjèèjì rí i: ó fi ọwọ́ kan iwájú orí, ó rọra ṣí fìlà, ó sì gbé e sórí itan. Kò dé e títí fíìmù fi parí.

Àárọ̀ ọjọ́ Sáńdè ni ìyàwó rẹ̀ wá bá mi. Ó ní Àlàájì kò sùn, orí ń fọ́ ọ, ṣé mo ní Panadol? Mo fún un ní méjì. Ó tún ní kí n yá àwọn ní síídì yẹn, bàbá fẹ́ fara balẹ̀ tún ìparí rẹ̀ wò. Mo yá wọn. N ò tíì rí i gbà.

Kànga ńkọ́? Ẹ kò rí kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mi ni? Ilé kejì ni mo ti ń bọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n nígbà Ìléyá, àwọn onílù wọ inú àgbàlá wá bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún, wọ́n fẹ́ kí Àlàájì. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn mi, mo ṣe bí ẹni ń ṣa ìrẹsì. Kí onílù àkọ́kọ́ tó fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ, fìlà ti kúrò lórí Àlàájì.