Àpò Kòkó Oníkílò Mẹ́fà

Bí ẹ bá pàdé ẹni tó ń ra kòkó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Èmi ni mo so òṣùwọ̀n oníná ọ̀gá kan mọ́ kọ̀ǹpútà, kó lè máa kọ iye kílò fúnra rẹ̀. Ihò serial wà lẹ́yìn òṣùwọ̀n náà, irú RS-232 tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti 1960. Mo ní ohun tó dàgbà tó báyìí, kí ló lè le níbẹ̀?

Àṣìṣe parity ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Bí òṣùwọ̀n bá fẹ́ fi àmì kan ránṣẹ́, á ka iye 1 tó wà nínú bíìtì rẹ̀; bí iye náà kò bá ṣeé pín sí méjì, á fi ọ̀kan kún un. Èmi ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé òdìkejì ni kó máa retí, ló bá ń figbe ta lórí gbogbo àmì. Kàkà kí n ṣí ìwé tó bá òṣùwọ̀n wá, mo pa àyẹ̀wò parity rẹ́, mo ní kó máa ka bíìtì mẹ́jọ. Ariwo rọlẹ̀. Àwọn nǹkan bíi ± àti ² ṣì ń yọjú, mo bá kọ ọ́ sínú kóòdù pé kó máa fo ohun tí kì í bá ṣe nọ́ńbà.

Mo gbé àpò sìmẹ́ńtì lé e. 50 géérégé! Ọ̀gá ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún mi.

Bàbá àgbẹ̀ kan gbé kòkó dé. Kọ̀ǹpútà ní kílò 6.

“Ìwọ ọmọ yìí, kòkó lo wọ̀n ni, àbí àpò rẹ̀?”

“Bàbá, kọ̀ǹpútà kì í purọ́.” (Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́ o.)

“Ó dáa, gbé kílò mẹ́fà yẹn nílẹ̀ kí n rí ọ.”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fà á, àpò kò mì. Àwọn alábàárù bú sẹ́rìn-ín.

Kílò 64 ni. Iye 1 tó wà nínú 0, 3, 5, 6 àti 9 ṣeé pín sí méjì tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń wọlé bí wọ́n ṣe rí. 1, 2, 4, 7 àti 8 ni òṣùwọ̀n ń bù kún. Àwọn ló ń di àmì àjèjì tí kóòdù mi ń dà nù. Sìmẹ́ńtì 50 kò lè tú àṣírí mi láéláé.

Mo dá a padà sí bíìtì méje àti parity tó yẹ. Ẹ rò pé mo ti gbọ́n? Mo tún kọ ọ́ pé bí òṣùwọ̀n kò bá dáhùn, kí kọ̀ǹpútà lo iye tó gbà kẹ́yìn. Alábàárù kan fẹsẹ̀ kọ wáyà, wáyà yọ. Gbogbo ẹrù tó tẹ̀ lé e di kílò 63, títí kan agbọ̀n kékeré tí ìyá arúgbó kan fọwọ́ kan gbé wá. Ìyá gbowó, ó sì ṣàdúrà fún mi gan-an.

Ní báyìí, bí wáyà bá yọ, “Òṣùwọ̀n kò dáhùn” ló máa ń hàn gàdàgbà, kò sì sí rìsíìtì tó ń jáde. Ọ̀gá ṣì gbé òṣùwọ̀n onírin àtijọ́ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní ìyẹn kò ní wáyà tí ẹnì kan máa fẹsẹ̀ kọ.