Gbédègbẹ́yọ̀ Ayélujára

Ẹ bi gbédègbẹ́yọ̀ ayélujára léèrè pé èdè mélòó ló gbọ́, ìgbà yẹn lẹ máa mọ̀ pé òun gan-an ni. Kò ní dáhùn kíá. Yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò wo òkè àjà, yóò wá ní, "Ó máa tó méje, ṣùgbọ́n ti Jàpáànù ló wọ̀ mí lára jù." Kò dé Jàpáànù rí. Sùúrùlérè ló ń gbé, orí láptọ́ọ̀pù kan tí fáànù rẹ̀ ń han gooro ló sì ti kọ́ ọ, nínú ohun tí wọ́n ń pè ní VRChat.

Ayé inú kọ̀ǹpútà ni VRChat, ó bọ́ sórí Steam, ọjà géèmù orí ayélujára, ní 2017. Bí o bá wọbẹ̀, ìwọ lo máa yan ara tí o fẹ́ gbé wọ̀, ìbáà jẹ́ ti ológbò, ti róbọ́ọ̀tì tàbí ti ọmọge onírun elésè àlùkò. Òun ni wàá fi máa rìn kiri, ohùn ara rẹ ni wàá sì fi bá ẹni tó wà ní Osaka sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń de awò ńlá mọ́jú kó lè jọ pé wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lásán náà tó. Irú rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Second Life ti wà láti 2003, Goethe-Institut tó ń kọ́ni ní èdè Jámánì àti Instituto Cervantes ti Sípéènì sì ti ní ibùdó tiwọn níbẹ̀ rí. Ẹni tí à ń wí yìí kò wá ilé ẹ̀kọ́ ní tirẹ̀. Ó ní gírámà máa ń dí èèyàn lọ́wọ́.

N kò bẹnu àtẹ́ lu ohun náà o. Ìtìjú ló ń pa èdè mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, ẹni tó bá sì gbé ara kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wọ̀ kò ní ojú tí yóò tì í. Èèyàn gidi ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí o bá ṣì í sọ, o lè gbọ́ èyí tó tọ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ti tibẹ̀ gbọ́ èdè yanjú. Ọ̀rẹ́ wa kò sí lára wọn.

Ẹ wá wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́. Aago méjì tiwa ni aago mẹ́wàá alẹ́ ní Tokyo, ìgbà tí àwọn ará ibẹ̀ ti jẹun tán tí wọ́n wọlé wá ṣeré. Ọ̀gá rẹ̀ sì rò pé ó ń ti ilé bá òun ṣiṣẹ́. Ara kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ aláwò ló gbé wọ̀. Ọmọge kan dúró lábẹ́ igi olódòdó, etí ológbò méjì lórí rẹ̀. "Hajimemashite!" lọmọkùnrin wa fi kí i, ó tẹríba. Ọmọge lanu, ohùn ọkùnrin tó ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì ló jáde. (Èyí kì í ṣe ìyanu níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkùnrin Jàpáànù ló ń wọ ara ọmọge.) "Nihongo jōzu desu ne," ni bàbá olológbò wí, ó ń yìn ín pé ó gbọ́ èdè àwọn dáadáa.

Ìkíni kan péré ló tíì ṣe o. Bí àwa náà ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún òyìnbó tó bá ti lè sọ pé "ẹ káàárọ̀," bẹ́ẹ̀ làwọn náà ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pọ́n àlejò lé. Ṣùgbọ́n kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti ká ohùn náà sílẹ̀, ó ti gbé e sórí WhatsApp. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá bàbá sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́, èdè ìta tó gbọ́ nínú fíìmù káátúùnù ló ń tú jáde. Ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ kí àbúrò bàbá rẹ̀ lórí fóònù! Èdè Jàpáànù sì mọ àgbà yàtọ̀ sọ́mọdé bíi tiwa, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Etí ológbò ni kò jẹ́ kó rí ewú.

Bàbá kò bínú. Ó rọra bi í léèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe, àti bí Èkó ṣe rí. Níbẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. "Shigoto," ìyẹn iṣẹ́, nìkan ló dá mọ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Sō desu ne," ó tún rẹ́rìn-ín, ó wá figbe ta pé nẹ́tíwọ̀kì ń ṣe ségesège. Iná ò lọ, nẹ́tíwọ̀kì ò já. Bọ́tìnnì ló tẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ láàárín àwọn ará Brasil. "Oi, tudo bem?" Àwọn náà yìn ín. Kò kúrò níbẹ̀ àfìgbà tí ẹnì kan bi í ní ìbéèrè.

Bí èdè ṣe di méje nìyẹn. Kò sí èyí tó tíì fi ra búrẹ́dì nínú wọn.

Faransé wà lára méje yìí. Télọ̀ tó ń rán ṣòkòtò fún un, níwájú ilé rẹ̀ gan-an, ará Kútọnu ni, Faransé ni wọ́n sì fi kọ́ ọ níwèé. Lọ́jọ́ kan télọ̀ kí i pé, "Bonjour, ça va?" Ọ̀rẹ́ wa wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí bọ́tìnnì kankan tẹ̀. "Télọ̀, ṣòkòtò mi ńkọ́?" ló fi dá a lóhùn.

Ní báyìí, ó ti di olùkọ́. ₦5,000 lẹ máa san kẹ́ ẹ tó wọ ẹgbẹ́ WhatsApp tó dá sílẹ̀, níbi tó ti ń kọ́ni ní "Èdè Jàpáànù Láàárín Ọgbọ̀n Ọjọ́." Àwòrán kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ aláwò ló fi polówó, ohùn bàbá olológbò sì ni ẹ̀rí. Obìnrin kan tó ti mọ ìkíni dunjú béèrè pé báwo lòun ṣe máa sọ pé ara ọmọ òun kò yá. Olùkọ́ fi ohùn ránṣẹ́ padà: "Ìbéèrè tó dáa gan-an nìyẹn, mà. Inú kíláàsì kejì ló wà. ₦10,000 ni."