Ìjàpá Tí Mo Fẹ́ Sọ Di Porsche

Kí ẹnikẹ́ni tó fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ tèmi. Ferdinand Porsche ló ṣe ètò mọ́tò Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá. Ferry, ọmọ rẹ̀, ló gbé ọkọ̀ asáré àkọ́kọ́ tó ń jẹ́ Porsche jáde ní 1948, ọ̀pọ̀ irin tó sì fi kàn án pọ̀, ara Ìjàpá ló ti yọ ọ́. Nígbà tí Porsche 911 dé ní 1963, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà bíi ti Ìjàpá, atẹ́gùn ló sì ń tù ú lára bíi ti Ìjàpá. Kò sí ẹni tó ń bu omi sí i. Tí a bá ní ká tò ó bí a ṣe ń to ẹbí nílẹ̀ wa, ẹ̀gbọ́n ni Ìjàpá jẹ́ fún Porsche. Ohun tó kàn yà wọ́n ni pé àbúrò ń sáré, ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń sọ ọ́ kiri Ọ̀fà pé ọkọ̀ asáré àtijọ́ ni mo ní, irọ́ kọ́ ni mo ń pa. Ẹbí ni mo ń tọ́ka sí.

Tèmi jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní Òjó, lójú ọ̀nà Bàdágírì, ní ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Bàbá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi. Ànàmọ́ ló fi ń kó láti oko wá sí ọjà Ọ̀wọ́dé, títí di òní, bí oòrùn bá ti mú, òórùn ànàmọ́ á máa jáde lára àga ẹ̀yìn. Ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Awakọ̀ àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè yí gíláàsì tiwọn wálẹ̀, ṣùgbọ́n fèrèsé àwọn ará ẹ̀yìn kì í ṣí. Ẹni tó bá mọ ooru Ọ̀fà nínú oṣù Ẹrẹ́nà, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, yóò mọ ohun tí mò ń wí.

Ibi tí mo ti ń wo àwòrán àwọn àbúrò Ìjàpá lórí fóònù ni mo ti rí Targa. Porsche fi í han ayé ní 1965. Òrùlé rẹ̀ ṣeé gbé kúrò, gíláàsì ẹ̀yìn tàwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tà kì í sì í ṣe gíláàsì rárá: rọ́bà tó mọ́ gaara ni, tó ní síìpù. Síìpù! Ẹ fà á, atẹ́gùn wọlé. Ẹ fà á padà, ó parí. Mo tún rí Corvette tàwọn ará Amẹ́ríkà, láti 1968 títí dé 1972, tó jẹ́ pé ẹ lè yọ gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ pátápátá kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sẹ́yìn àga. Ó yẹ kí ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ní físíìsì bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí Corvette ti 1973 kò fi ní gíláàsì tó ṣeé yọ mọ́, àti pé kí ló dé tí kò pẹ́ rárá tí Porsche fi gbé gíláàsì gidi, tó dúró gbagidi, rọ́pò síìpù. N kò bi ara mi. Èrò tèmi ni pé atẹ́gùn á gba iwájú wọlé, á gba ẹ̀yìn jáde, á sì kó ooru dání lọ. Èrò yìí ló jẹ̀bi gbogbo ohun tó kù.

Yíyọ gíláàsì náà kò le. Ti Ìjàpá kò ní gọ́ọ̀mù: rọ́bà kan ló yí i ká, rọ́bà yẹn sì ní ojú méjì, gíláàsì bọ́ sínú ọ̀kan, etí páànù mọ́tò bọ́ sínú èkejì. Mẹkáníìkì mi, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, ní kí n jẹ́ kí òun fi omi ọṣẹ pa á kó rọ̀. Mo ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín ni mí, ìjàkadì sì ni gbogbo ayé fi mọ ìlú wa. Mo wọ inú mọ́tò, mo nà gbalaja sórí àga ẹ̀yìn, mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé gíláàsì, mo tì í. Rọ́bà tó ti gan láti ayé bàbá mi já, gíláàsì fò jáde, ọmọkùnrin náà sì fi àyà gbà á níta. Ẹsẹ̀ mi tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ tó ń ti iléèwé bọ̀ dúró, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ tíṣà àgbà tó yọ lẹ́yìn mọ́tò. Ọ̀kan nínú wọn kí mi. Mo dá a lóhùn láti inú.

Àṣeyọrí yẹn ló bà mí jẹ́. Mo gbé gíláàsì náà lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù. Ètò mi ni pé kó lu ihò mẹ́rin sí igun rẹ̀, kí á fi bóòtù dè é mọ́ férémù, kí n lè máa tú u nígbàkúùgbà tó bá wù mí. Ó fi èékánná kan gíláàsì náà, ó wo àmì kékeré tí wọ́n tẹ̀ sí igun rẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú o, irú èyí kì í gba dírílì.”

“Gíláàsì ni gíláàsì, ọmọ mi.”

“Ó máa fọ́, sà.”

“Rọra lù ú. Da omi sí i.”

Ó kọ̀ jálẹ̀. Mo gba dírílì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ sójú pátákó nìyí. Gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n ti mú un gba inú iná tó ju 600 lọ ní ìwọ̀n Celsius, wọ́n sì fi atẹ́gùn tutù fẹ́ ẹ lójijì. Ara òde tètè gan nígbà tí inú ṣì gbóná. Bí inú náà bá wá ń tutù, tó ń sún kì, á máa fa ara òde mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wà: inú ń fà, ara ń fún, ìyẹn ló sì jẹ́ kí gíláàsì náà le ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àmọ́ bí nǹkan bá ti la ara kọjá kan inú, gbogbo agbára tí wọ́n dè síbẹ̀ á tú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gíláàsì iwájú mọ́tò òde òní, tí wọ́n tẹ́ rọ́bà pẹlẹbẹ sí láàárín rẹ̀, ì bá sán lásán kó sì dúró sójú kan. Tèmi dún gbàù, ó sì di wẹ́wẹ́ tí kò sí èyí tó tóbi ju hóró àgbàdo lọ. Dírílì ṣì ń yí lọ́wọ́ mi, kò sí ohun tó ń lù mọ́.

Ọmọkùnrin náà kò sọ pé ṣebí òun ti wí i. “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà” ló sọ, èyí sì dùn mí ju èébú lọ. Kò gba owó iṣẹ́. Owó ìgbálẹ̀ ló gbà. Nílé, ìyàwó mi wo ihò ẹ̀yìn mọ́tò títí, ó ní, “Bàbá wọn, ẹ kú àṣeyọrí. Ó ti ṣeé yọ. Ó wá ku bí yóò ṣe padà.”

Síìpù ló kù. Mo lọ ra rọ́bà títẹ́jú tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n fi ń bo orí tábìlì, mo gbé e tọ télọ̀ mi lọ. Ó ní ta ni òun fẹ́ rán an fún. Mo ní mọ́tò ni. Iṣẹ́ ni iṣẹ́: ó yọ téèpù lọ́rùn, ó jáde síta, ó wọn òkè, ó wọn ìsàlẹ̀, ó wọn àárín, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ láàárín bùbá ẹnìkan àti ṣòkòtò ẹlòmíràn. Ó ní kí n wá gbà á ní Jímọ́ọ̀. Ẹ̀yin náà mọ Jímọ́ọ̀ télọ̀. Ó dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a jọ fojú sí.

Iṣẹ́ náà mọ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ kò sí télọ̀ rere tí kì í fi àlàfo díẹ̀ sínú aṣọ, bóyá oníbàárà á sanra. Ó fi ti mọ́tò náà sílẹ̀. Nígbà tí a fi gọ́ọ̀mù bàtà lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù tán, tí mo bi í pé kí ló dé tí rọ́bà yìí fi ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó ní, “Bàbá, ẹnìkan ò mọ ọ̀la.”

Ìgbéyàwó kan pè wá sí Ìlọrin. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, Àlájà, ló jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú léèsì funfun. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé òun ni yóò kọ́kọ́ jẹ adùn Porsche ní gbogbo Ọ̀fà. Mo fa síìpù sílẹ̀ pátá. Gíláàsì iwájú, mo ṣí i níwọ̀n ìka kan péré, kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé láìtú gèlè.

Atẹ́gùn wọlé lóòótọ́. Ẹ̀yìn ló gbà wọlé.

Bí mọ́tò bá ń sáré, á máa ti atẹ́gùn sápá kan, ẹ̀yìn rẹ̀ á wá di ibi tí atẹ́gùn ti fúyẹ́. Atẹ́gùn àyíká kì í jẹ́ kí irú ibẹ̀ wà bẹ́ẹ̀. Á yí bìrí, á ya wọ ibẹ̀, á sì kó ohun tó bá lọ́nà dání. Ohun tó sì wà lẹ́yìn Ìjàpá kò ju eruku táyà àti sàlẹ́ńsà ẹnu méjì lọ. Bí mo ṣe ń sáré sí i kí eruku lè fẹ́ jáde, bẹ́ẹ̀ ló ń wọlé sí i. Mo gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn. Mo rò pé ẹ̀rín ni. Nígbà tí a fi dé Àjàṣẹ́-Ìpo, léèsì funfun ti pọ́n, ìyàwó mi sì ti di orí mú. Ibí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà: èéfín sàlẹ́ńsà ní gáàsì tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn sójú oorun. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti fi ṣe ìdánwò fún ọmọ ọlọ́mọ. Mo dúró, mo ṣílẹ̀kùn méjèèjì, a jókòó lẹ́bàá ọ̀nà títí orí wọn fi fúyẹ́. Àlájà gbọn léèsì rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

“Ṣé ẹ̀yin náà lẹ kọ́ àwọn ọmọ mi ní físíìsì?”

Kò bá wa padà. Ó ní òun mọ ọ̀nà Gáréèjì Ọ̀fà ní Ìlọrin, pé mọ́tò tó bá ní ẹ̀yìn ni òun yóò wọ̀.

Òjò ló bá àwa méjì tó kù lójú ọ̀nà. Mo sáré lọ fa síìpù. Eruku ti kún eyín rẹ̀, ó dé agbedeméjì, ó kọ̀. Mo fi agbára fà á, ọwọ́ rẹ̀ já sí mi lọ́wọ́. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá sì ń gbé, ibi tí omi ń dà sí gan-an. Ìyàwó mi ló rántí ẹ̀bùn tí wọ́n pín fún wa: tírè ńlá kan tí wọ́n tẹ àwòrán ọkọ àti ìyàwó sí. Ó kọjá sẹ́yìn, ó fi tírè dí apá tó ṣí, ó sì fi ẹ̀yìn tì í. Ojú tọkọtaya náà kọ síta. Láti ibẹ̀ dé Ọ̀fà, kò sí mọ́tò tó bọ́ sẹ́yìn wa tí kò fun fèrè kú oríire. Àwọn kan ń juwọ́. Mo ní bóyá ká dúró dá wọn lóhùn. Ìyàwó mi, tí omi ń kán láti orí gèlè rẹ̀, ní kí n máa wa mọ́tò lọ.

Ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin la ti rí gíláàsì tòkunbọ̀ mìíràn. Iye tí mo san, n kò sọ ọ́ nílé, n kò ní sọ ọ́ níbí. Mẹkáníìkì ló fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń dá a padà: wọ́n á fi rọ́bà tuntun wọ gíláàsì létí, wọ́n á tẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ojú rọ́bà kejì yíká, wọ́n á fi omi ọṣẹ pa á. Ẹnìkan á máa tẹ̀ ẹ́ láti òde, ẹnìkan á wà nínú, á máa fa okùn náà díẹ̀díẹ̀, etí rọ́bà á sì máa gun páànù. Èmi ló ní kí n wọ inú. Ó bẹ̀ mí pé kí n má lo ẹsẹ̀.

Ẹni tó jèrè ọ̀rọ̀ yìí ni télọ̀. Oníkẹ̀kẹ́ NAPEP kan rí èyí tó kù nínú rọ́bà àti síìpù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní kó bá òun rán irú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nítorí òjò. Òmíràn tẹ̀ lé e. Báyìí, kẹ̀kẹ́ ló ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti wọn ara. Nígbà tí Iléyá ń bọ̀, mo lọ sọ fún un pé ó yẹ kó rán ṣòkòtò tèmi lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tó jẹ́ pé orí mọ́tò mi ni iṣẹ́ yìí ti jáde. Kò jiyàn rárá. Ó yọ téèpù lọ́rùn, ó wọn ìdí mi, ó fi àlàfo sí i, ó ní kí n wá gbà á ní Jímọ́ọ̀.