Ọdún Tó Ń Bọ̀, Tiwa Ni

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo. Ó dá lórí àwọn ẹranko Bantè àti ti Savalou, ó sì dá lórí iṣu.

Nígbà tí ẹranko ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, tí wọ́n sì ń gbọ́ rédíò, ìlú mẹ́fà ni ilẹ̀ Collines, bó ṣe rí títí dòní: Bantè, Savalou, Dassa, Glazoué, Savè àti Ouèssè. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù agbọ̀n tirẹ̀. Agbọ̀n iṣu tí ìdí rẹ̀ ti já ni wọ́n ń so mọ́ ara ìrókò, èso osè ni bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ tó bá sọ ọ́ wọlé jù ló borí. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ti ń gbá a kiri, ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, tí Savalou ń ṣọdún iṣu tuntun, ni wọ́n sì fi ń kádìí rẹ̀.

Kí n má fepo bọyọ̀, Bantè ò mọ̀ ọ́n gbá. Savè nà wọ́n, Dassa nà wọ́n. Glazoué tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹrù tó pàtẹ sọ́jà náà nà wọ́n, ó sì padà dé ìsọ̀ kí oníbàárà tó lọ. Ti Savalou ló wá dùn wọ́n jù, nítorí aládùúgbò kì í na ni kó má fi ni ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́dún kan ni Lékèélékèé, tó ń tọ màlúù àwọn Fúlàní lẹ́yìn kiri, balẹ̀ sí Bantè pẹ̀lú ìròyìn. Ó ní àwọn ènìyàn ní ìdíje kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NBA. Lọ́dọọdún, wọ́n á to àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, àwọn ẹgbẹ́ á sì máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ìyà jẹ jù ló ń kọ́kọ́ nawọ́ sáwo. Ó ní ní 1984, Houston ló kọ́kọ́ mú, ọmọ Èkó ni wọ́n sì mú, Hakeem Ọlájuwọ́n. Ọdún kẹwàá rẹ̀, ní 1994, ó gba ife fún wọn. Ní 1995 ó tún gbà á.

Lékèélékèé ò pa ìyókù mọ́ o. Ó ní lọ́dún 1984 yẹn náà, Portland ló mú ṣe ìkejì, Sam Bowie ni wọ́n mú, wọ́n sì fi Michael Jordan sílẹ̀ fún Chicago. Ó ní Portland yìí kan náà ló kọ́kọ́ mú ní 2007, wọ́n mú Greg Oden, wọ́n fi Kevin Durant sílẹ̀ fún Seattle. Orúnkún Oden ò jẹ́ kó gbá eré kan ṣoṣo ní sáà àkọ́kọ́, eré 105 péré ló sì gbá ní NBA títí ó fi fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́? Ibi tó ti pe Èkó, tó pe ife, ni etí gbogbo wọn ti di.

Ìjàpá dìde, ó na ọrùn jáde, ó ní òfin yẹn ló kù tí ilẹ̀ Collines ò ní. Kìnnìún pàṣẹ pé kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà. Bantè ló ṣe ìkẹyìn, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ mú: ọmọ Erin. Ìjàpá ní ọmọ yìí yóò jẹun kó tó lè gbá bọ́ọ̀lù, pé kí ilé kọ̀ọ̀kan máa kó iṣu laboko wá sínú àká òun. Ó ní laboko tí wọ́n ń gún níyán ni o, kì í ṣe àwọn èyí tí wọ́n ń bẹ gbẹ fún èlùbọ́. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí Bantè bá borí Savalou, mo san án ní méjì-méjì." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìjàpá gbórin:

Lílé: Ọmọ tuntun ti dé o
Ègbè: Ọdún tó ń bọ̀, tiwa ni
Lílé: Imú rẹ̀ gùn kò láàlà
Ègbè: Ọdún tó ń bọ̀, tiwa ni
Lílé: Ẹ kó laboko rẹ̀ wá o
Ègbè: Ọdún tó ń bọ̀, tiwa ni
Lílé: Ìyà èṣí ti tán nílẹ̀
Ègbè: Ọdún tó ń bọ̀, tiwa ni

Ìfẹ́ ọmọ náà wá kó sí wọn lórí. Ehoro wá okùn kan, ó ń fi wọn imú ọmọ Erin láràárọ̀, ó sì ń ta kókó sí ibi tó bá dé. Kí oòrùn tó yọ ni àwọn ará Pira àti Gouka ti ń dúró dè é lójú ọ̀nà. "Ó gùn sí i?" "Ìka kan." Wọ́n á dì mọ́ ara wọn. Bọ́jọ́ bá pé tí imú ò gùn, Ehoro á fa okùn náà díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ náà ju bọ́ọ̀lù wò. Kí ni wọ́n fẹ́ fi bọ́ọ̀lù ṣe nígbà tí okùn wà?

Wọ́n tún nà wọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n mú ọmọ Ẹfọ̀n. Wọ́n tún nà wọ́n, wọ́n mú ọmọ Ọ̀nì, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò ga kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n Ìjàpá ní ẹ wo bí ìrù rẹ̀ ti lágbára tó. Lọ́dọọdún ni orin ń gòkè, lọ́dọọdún ni laboko ń wọ àká. Ìgbà tó yá, ọmọ Ẹfọ̀n ti bí ọmọ mẹ́rin, irun àgbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ọmọ tuntun náà ni wọ́n ṣì ń pè é.

Ìjàpá kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti rí i pé iṣu kì í wọlé tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí wọ́n bá gbìyànjú, pé ọdún tí wọ́n bá jẹ̀yà dójú àmì ni àwọn ènìyàn ń fi orí ru iṣu wá. Ó pe àwọn agbábọ́ọ̀lù sẹ́yìn ilé, ó ní kí wọ́n máa ṣe jẹ́jẹ́. Ẹ má rò pé ẹranko ló dá èyí sílẹ̀. Philadelphia là á mọ́lẹ̀ ṣe é láyé yìí: ní sáà 2015-16 wọ́n borí nínú eré 10, wọ́n nà wọ́n nínú 72, àwọn olólùfẹ́ wọn sì ń gba ara wọn níyànjú pé kí wọ́n fọkàn tán ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀. NBA fúnra rẹ̀ mọ̀ pé èébú ni. Láti 1985 ni wọ́n ti ń ṣẹ́ ìbò kí ìkẹyìn má baà di ìkíní láìtijú, ní 2019 wọ́n sì dọ́gba ìpín ẹgbẹ́ mẹ́ta tó burú jù, 14 nínú 100 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Kìnnìún gbọ́, ó ní kí àwọn náà máa ṣẹ́ ìbò. Ìjàpá ní kò burú, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun máa gbé igbá ìbò. Ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀.

Ìyá Àparò nìkan ló ń kùn. Ó ní, "Bàbá Ìjàpá, ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ yìí? Látìgbà tí wọ́n ti dé, jíjẹ̀yà nìkan ni wọ́n ń fojú rí."

"Ìyá, ẹ ní sùúrù. Ṣé ẹ ò gbọ́ ti Giannis, ọmọ Adétòkunbọ̀ ni? Èkó ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti ṣí lọ sí Gíríìsì, Athens ni wọ́n bí i sí, ó kiri ọjà lójú títì níbẹ̀. Ní 2013 ni Milwaukee mú un. Ní 2021, nínú eré tí wọ́n fi gba ife, àmì ayò 50 ni òun nìkan sọ wọlé. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi dúró!"

"Ó ṣe ìkélòó lọ́dún tí wọ́n mú un?"

Ìjàpá wú ikọ́. Lékèélékèé ló dáhùn látorí igi, pé ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni.

"Ẹni 14 ṣíwájú rẹ̀. Ta ló wá ṣe ìkíní?"

"Anthony Bennett. Cleveland ló mú un. Sáà mẹ́rin ló lò, ní ẹgbẹ́ mẹ́rin."

"Ife ńkọ́?"

Lékèélékèé ò fèsì, ó ń túnyẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó fẹ́ fi ti Ian Mahinmi kún un, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Benin tiwa níbí, tó ṣe ìkejìdínlọ́gbọ̀n ní 2005, tó sì bá Dallas gba ife ní 2011. Wọn ò jẹ́ kó là á dópin. Ìyá Àparò ní, "Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ẹni rere ti ń jáde, kí là ń fi iṣu wa wá ní iwájú?" Kí ọ̀rọ̀ náà tó balẹ̀ ni Ìjàpá ti kí orin mọ́lẹ̀:

Lílé: Ìwo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni
Ègbè: Ọdún tó ń bọ̀, tiwa ni
Lílé: Ẹ má wò ó ní tọdún yìí
Ègbè: Ọdún tó ń bọ̀, tiwa ni
Lílé: Ẹni ń kánjú ò ní jẹ nínú rẹ̀
Ègbè: Ọdún tó ń bọ̀, tiwa ni

Ohùn wọn bo ti Ìyá Àparò mọ́lẹ̀. Yánníbo ò sí níbẹ̀. Ó lọ sí Savalou lọ ra gàrí. Gàrí Savalou kúnná, ó sì ń dún wàmùwàmù lẹ́nu, kò sẹ́ni tó lè bá obìnrin wí pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yánníbo ń pẹ́ níbẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé bó ti ń pẹ́ sí i ni Savalou náà ń gbàgbé bọ́ọ̀lù.

Ó wá di ọdún tí mo ń pàlọ́ rẹ̀ fún yín. Bantè ò borí ẹnikẹ́ni, Savalou náà ò borí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n bá nà lọ́jọ́ 15 oṣù kẹjọ ló ṣe ìkẹyìn, òun ni yóò kọ́kọ́ mú. Ọmọ Ògòǹgò ló sì wà nílẹ̀ láti mú, ọmọ tí wọ́n ní ó ti apá òkè wá, tí orí rẹ̀ ń kan ẹnu agbọ̀n láìfò.

Ní Dankoli, lójú ọ̀nà tó ti Savalou lọ sí Bantè, ẹni tó bá ní ohun tó ń tọrọ a máa gbá èèkàn igi mọ́lẹ̀ níbẹ̀, á da epo pupa sí i, á fẹ́ ọtí sodabi sí i, á sì jẹ́jẹ̀ẹ́ ohun tí yóò mú padà wá bó bá gbà. Àwọn ará Bantè jí lọ síbẹ̀, wọ́n tọrọ pé kí wọ́n na àwọn. Bí wọ́n ti ń débẹ̀ ni wọ́n pàdé àwọn ará Savalou tí wọ́n ń nu epo ọwọ́ wọn bọ̀. Wọ́n kí ara wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹnì kan ò bi ẹnì kejì léèrè ohun tó tọrọ.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Erin gbé bọ́ọ̀lù, ó fi lé Ìgalà Savalou lọ́wọ́.

"Ẹ gbà, ẹ̀gbọ́n."

"Áà, rárá o, àbúrò, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù."

"Àlejò lẹ jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹ mú un."

Ìgalà gbé e kalẹ̀ sáàárín, ó sì fi ẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀. Èso osè dá wà. Ọmọ Ẹfọ̀n ṣubú, ó di orúnkún mú, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò kàn án. Oníṣègùn sáré dé, ó bi í pé orúnkún wo. Ó ní èyíkéyìí tó bá wù ú. Ìmàdò Savalou rí i, òun náà ṣubú. Nígbà tí oòrùn fi ń wọ̀, ìdajì pápá ti dùbúlẹ̀, òdo sí òdo ni. Kìnnìún bínú dìde, ó ní ọ̀mì kò sí nínú eré òun, wọn ò ní lọ sílé.

Ó ku ẹnì kan lórí ìjókòó Bantè: Bàbá Ọ̀bọ. Ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù yìí kí Lékèélékèé tó mú ìròyìn wá, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Kò sẹ́ni tó ronú àtisọ ète náà fún un. Wọ́n jí i, wọ́n tì í wọ pápá, wọ́n ní kí iye lè pé ni. Bọ́ọ̀lù yí dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tiwọn, bí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ ẹni, agbọ̀n ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Ó gbé e, ó wòkè, ó sọ ọ́. Èso osè yí po ẹnu agbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo Bantè ń juwọ́ sí i pé kó bọ́ síta. Ó wọlé. Ó ti ìdí agbọ̀n jáde, ó dún gbì.

Savalou hó yèè, wọ́n ń jó. Àwọn ará Bantè káwọ́ lérí, ẹkún sọ. Bàbá Ọ̀bọ na ọwọ́ méjèèjì sókè kí wọ́n wá gbé òun lérí, wọ́n dá a lóókọ ọ̀dàlẹ̀, wọ́n sì bu ogún laboko lé e lórí.

Ìyá Àparò ló bọ́ sáàárín. "Ẹ dákun, ta la borí?"

"Savalou ni!" Ohùn ẹkún ni wọ́n fi dá a lóhùn.

"Bàbá Ìjàpá, kí lẹ ní ẹ ó ṣe lọ́jọ́ tí a bá borí Savalou?"

Ẹkún dá. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti lọ gbé agbọ̀n, wọ́n sáré dé ìdí àká Ìjàpá, wọ́n ṣí i. Èèpo iṣu ló kún ibẹ̀ dé àjà. Ìjàpá gun orí òkìtì èèpo náà, ó nu ẹnu, ó gbórin:

Lílé: Mo ní n ó san án, mo ní o
Ègbè: Ọdún tó ń bọ̀, tiwa ni
Lílé: Ṣé ọdún yìí ni mo pè ni?
Ègbè: Ọdún tó ń bọ̀, tiwa ni
Lílé: Ọdún wo lẹ̀yin náà ń kọ?
Ègbè: Ọdún tó ń bọ̀, tiwa ni
Lílé: Ẹ kúkú ti fẹnu yín sọ ọ́
Ègbè: Ọdún tó ń bọ̀, tiwa ni

Àwọn kan ti gbè é tán kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ara wọn ni wọ́n ń gbè. Ehoro fa okùn rẹ̀ yọ. Ó ní kò tiẹ̀ burú jù, ìkejì ni àwọn yóò mú, ìkejì sì ni Durant ṣe. "Ẹ wò ó bí?" ni Ìjàpá wí. "Ìkejì yẹn ni mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí." Wọ́n ṣírò iye laboko tí ìkejì máa jẹ. Bàbá Ọ̀bọ ló kọ́kọ́ san, ogún tiẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Ìyá Àparò ní òun ti bá wọn ṣeré tó. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ rù, ó kọrí sí Savalou, ó ní bóyá ojú àwọn tọ̀hún là. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó wọ ìlú. Ó bá àwọn ènìyàn lórí ìlà gígùn kan, olúkúlùkù gbé iṣu dání, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọ Ògòǹgò. Ó tò tẹ̀ lé wọn títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà àká ńlá kan. Yánníbo ló jókòó síbẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, àwo gàrí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá Àparò. Mélòó ni kí n kọ sí orúkọ yín?"