Aago Mẹ́jọ Kọjá Ìṣẹ́jú Mẹ́jọ

Ìyá mi ló dá a sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni ẹjọ́ náà dá lẹ́bi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Tré níbí, láàárín àwọn òkè Dassa-Zoumè, níbi tí mo ti ń báni tẹ lẹ́tà, tí mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí mo sì ń tẹ ìwé jáde fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Mo dojú kọ̀ǹpútà kọ àwọn oníbàárà, nítorí ẹni tó bá fẹ́ sanwó máa ń fẹ́ rí i pé wọn ò kọ orúkọ òun gba ibòmíràn. Ìyá mi a máa wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì láràárọ̀, wọn a sì máa bi mí ní aago mélòó ló lù. Aago wà ní igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà níwájú wọn, ṣùgbọ́n kò ju èèrà lọ, ojú wọn ò sì ká a mọ́.

Ẹni tó gbọ́n ì bá lọ sí ọjà Dassa, kó ra aago ara ògiri, kó kàn án mọ́gi, kó sinmi. Èmi wò ó pé ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tún ń fowó ra aago, ìyẹn dà bí ìtìjú.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Ó ti dàgbà. Windows 10 ló wà nínú rẹ̀, Microsoft sì ti kéde pé láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, òun ò ní máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Windows 11 ní tirẹ̀ kọ̀ ọ́, ó ní kò ní èròjà ààbò tí òun ń béèrè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kàwé ní yunifásítì Abomey-Calavi wá bá mi fi Linux Mint sí ẹ̀gbẹ́ Windows náà. Bí mo bá ti tan ẹ̀rọ, á bi mí pé inú èwo ni mo fẹ́ wọ̀. Nígbà tí ọmọ náà ń padà lọ, ó ní: "Tonton, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o." Mo ní kò burú.

Windows ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ènìyàn ò lè mú aago igun yẹn nìkan tóbi nínú Windows 10. Tó bá máa tóbi, gbogbo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ni yóò bá a tóbi. Àpótí kan wà tí wọ́n ti ní kí a kọ iye tí a fẹ́, láti 100 dé 500. Mo wò ó pé ẹni tó ń lo ìdajì kò lè ṣàṣejù, mo bá kọ 250. Ẹ̀rọ ní kí n jáde kí n tún wọlé. Mo jáde, mo wọlé, mo bá lẹ́tà tí mo ń tẹ̀ fún ọ̀gbẹ́ni kan tó ń wáṣẹ́ níbẹ̀: "Mo fi ọ̀w" nìkan ló gba ojú kọ̀ǹpútà, ìyókù ti wọ inú igbó lọ. Mo ní kí n dá a padà. Bọ́tìnnì tí mo máa fi dá a padà ti tóbi kọjá etí ojú kọ̀ǹpútà, máòsì ò sì lè lépa rẹ̀ dé ibẹ̀. Ọmọ yẹn ló fi WhatsApp kọ́ mi bí a ṣe ń fi bọ́tìnnì Tab rìn láìríran. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ti lọ tẹ lẹ́tà rẹ̀ níbòmíràn.

Ó yẹ kí ìyẹn tó mi. Mo gba inú Linux lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, àwọn tó ṣe aago inú Xfce tí Mint mi ń lò kò hu ìwà ahun. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí aago náà, wọ́n á ní kí ẹ mú èyí tó wù yín: èyí tó ní ọwọ́, èyí tó ń kọ nọ́ńbà, èyí tó ń fi àmì tótòtó ka wákàtí bí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣe ń kà á. Mo gbé alámì tótòtó yẹn síbẹ̀ títí oníbàárà kan fi bi mí bóyá ẹ̀rọ náà ti fẹ́ bàjẹ́. Ọ̀kan sì tún wà tí kì í ka nọ́ńbà rárá. Ó kàn máa ń sọ ìgbà: òru ni, ìdájí ni, òwúrọ̀ ni, ọ̀sán ti fẹ́ pọ́n, ilẹ̀ ti ń ṣú. Èyí dùn mọ́ Ìyá mi nínú. Mo kà á fún wọn, wọ́n ní: "Ẹni tó ṣe èyí, wọ́n tọ́ ọ dáadáa." Lójú tèmi náà, ẹni tó bá ti lè sọ pé ìyálẹ̀ta ni, kí la tún ń fi ìṣẹ́jú ṣe? Àmọ́ ẹni tó ní ìpàdé ní mẹ́rì ní aago mẹ́sàn-án kò ní fi "òwúrọ̀ ni" lọ.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Conky nìyẹn. Ohunkóhun tí ẹ bá kọ sínú fáìlì kan ni Conky máa ń yà sí ojú kọ̀ǹpútà, ní ìwọ̀n tó bá wù yín, ní àwọ̀ tó bá wù yín. Tó bá di ti àkókò, àmì ìdá-ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń kọ, kí wọ́n tó fi lẹ́tà kan tẹ̀ lé e. Mo kọ́kọ́ kọ %h:%m, nítorí lẹ́tà kékeré ló máa ń tutù lójú mi. Ó yà "août:08" síwájú mi. Áà, mo ní h kékeré ń bá mi sọ orúkọ oṣù ní Faransé. Mo sọ ọ́ di H ńlá, ó sì di 10:08. Mo wo fóònù mi: aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ géérégé. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Nínú ìpolówó aago ọwọ́, ibi tí ọwọ́ aago máa ń dúró sí kò jìnnà sí ibẹ̀ náà, mo sì gbà pé àmì rere ni.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Mo mú nọ́ńbà náà tóbi títí ó fi gba ìdajì ojú kọ̀ǹpútà. Mo fi àwọ̀ àsíá Benin kùn ún, ewé, òféèfèé àti pupa. Mo fi fọ́tò àpáta Dassa sẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́ fi "Ẹ káàárọ̀" sábẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Benin, pẹ̀lú ɛ àti ɔ, ṣùgbọ́n fọ́ǹtì ẹlẹ́wà tí mo mú kò mọ lẹ́tà wọ̀nyẹn, àpótí òfìfo ló yà síbẹ̀. Mo pa á rẹ́. Níkẹyìn, nítorí pé ọba méjì kì í gbé ààfin, mo yọ aago kékeré igun yẹn dànù pátápátá. Kò pẹ́ tí iná fi lọ, kò sì dé títí mo fi tilẹ̀kùn.

Ọjọ́ kejì bọ́ sí Ọjọ́rú, ọjọ́ ọjà Glazoué. Obìnrin kan tó ń ta gàrí wọlé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ó fẹ́ ṣe fọ́tòkọ́pì káàdì ìdánimọ̀. Ó ní ọkọ̀ òun máa gbéra ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ó wo aago mi, ó rí 08:08 gbàgbàdù. Ó ní: "Bàbá Ìbejì, ó tún kù díẹ̀," ó bá jókòó. Ọkùnrin kan tó ń lọ sí mẹ́rì wọlé, òun náà wò ó, ó jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò mímọ́ ti Arigbo tó máa ń kó èrò wá sí Dassa ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, bí iye owó iṣu ṣe ń gbẹ́sẹ̀ lékè nígbà náà, bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí wọ́n á sùn. Mo ń tẹ ìwé lọ. Bí ẹnì kan bá gbójú sókè, 08:08. Ìyá mi ní aago òní kò kánjú, ó mọ̀ pé a lálejò.

Mo ti rò ó láti ọjọ́ náà, ohun tó sì yé mi nìyí: tí aago bá kéré, àwọn ènìyàn á ṣe iyè méjì, wọ́n á wo fóònù, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Tó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè. Fóònù wà lápò ọkùnrin mẹ́rì yẹn, kò yọ ọ́ wò.

Lójú gbogbo wa ni 08:08 fi di 09:08. Kò gba ìṣẹ́jú kankan kọjá láàárín. Obìnrin náà dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó gbé gàrí rẹ̀, ó sáré jáde, ó sì padà wá pẹ̀lú gàrí kan náà. Ọkọ̀ ti lọ tipẹ́. Ohun tó sọ fún mi, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ìyá mi dìde jẹ́rìí pé àwọn ń wo aago náà, kò yẹsẹ̀ lójú kan, kó tó fò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí yẹn kò ràn mí lọ́wọ́.

Mo pe ọmọ Calavi. Mo ní Conky rẹ ti ya wèrè. Ó ní kí n ka ohun tí mo kọ fún òun. Mo kà á. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní:

"Tonton, oṣù wo la wà yìí?"

"Ṣé o ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Oṣù kẹjọ."

"Ẹ wo aago yín."

M ńlá ni ìṣẹ́jú, m kékeré ni oṣù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣètò rẹ̀ nínú èdè C láti ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì rí nínú àìmọye ètò kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Aago mi ì bá wà lórí ìṣẹ́jú kẹjọ títí oṣù kẹjọ á fi parí, kó tó sún ìṣẹ́jú kan síwájú. Mo sanwó zémìjàn tó gbé obìnrin náà àti gàrí rẹ̀ lọ sí Glazoué. Ọkùnrin mẹ́rì ní òun ò gba owó, òun kàn fẹ́ kí n máa rántí.

Ìtìjú lé mi padà sínú Windows, níbi tí aago kékeré ṣì wà ní igun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Ohun tó fà á nìyí: Linux gbà pé aago inú irin ẹ̀rọ jẹ́ ti Greenwich, ó sì máa ń fi wákàtí Benin kún un, Windows gbà pé aago irin yẹn ni ti ìlú gan-an, kò fi nǹkan kún un. Íntánẹ́ẹ̀tì ì bá tún un ṣe, àmọ́ mégà mi ti tán.

Bàbá àgbàlagbà kan ní àdúgbò wa, tó máa ń fi òjìji mọ wákàtí, dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Òjìji wọn ti sún wọ abẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní kí n ka aago. Mo ní ó ń lu méjìlá, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà, aago kan ló lù. Wọ́n ní irọ́ ni mo ń pa: "Méjìlá ló lù. Ọjọ́ pẹ́ tí ẹ ti ń fi wákàtí kan rẹ́ wa jẹ."

Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Kí ó tó di ọdún 1934, aago Greenwich ni Dahomey ń lò, bí Tógò ṣe ń lò ó di òní, kí wọ́n tó tì í síwájú ní wákàtí kan. Aago tí a ń lò báyìí ń tẹ̀ lé ìlà 15 ìlà-oòrùn, tó gba tòsí N'Djamena ní Chad kọjá. Oòrùn Tré ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Nínú gbogbo aago tí mo ti bà jẹ́, èyí tó ṣìnà jù nínú Windows ló sún mọ́ oòrùn jù.

Mo kọ àṣẹ tí ọmọ Calavi fi ránṣẹ́, timedatectl set-local-rtc 1, Windows àti Linux sì bára wọn sọ̀rọ̀. Inú Bàbá ò dùn. Wọ́n ní mo ba èyí tó dáa jẹ́. Mo bá kọ ìlà kan sí i nínú Conky fún wọn, ti Africa/Lome, pẹ̀lú M ńlá, tí mo yẹ̀ wò dáadáa. Láti ìgbà náà, ti Lomé nìkan ni wọ́n ń wò. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo ní kí wọ́n wá gba ìwé wọn ní aago méjìlá. Mo dúró títí, mo tilẹ̀kùn, mo lọ jẹ iyán. Wọ́n dé ní aago kan, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n sì ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé mi ò mọ àdéhùn pa mọ́.