Mọ́mì Jùníọ̀ Tún Ti Ra Fọ́ọ̀mù

Bí ẹ bá ń gbé ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndó, ẹ mọ Mọ́mì Jùníọ̀. Bí ẹ bá ní ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ yáa wo inú ilé yín dáadáa. Òun ni ìyá tó jẹ́ pé bí ẹ bá bi í pé ilé ìwé wo lọmọ rẹ̀ ń lọ, yóò kọ́kọ́ bi yín pé, "Ní tọ́ọ̀mù wo?" Púráímárì Fáìfù ni Jùníọ̀ wà báyìí. Láti jéléósinmi títí di àsìkò yìí, ilé ìwé méje ló ti gbà á wọlé. Ó mọ orin ilé ìwé méjèèje lórí, bó bá sì di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, àfi kó kọ́kọ́ wo àwọ̀ ṣòkòtò tó wọ̀ kó tó mọ èyí tí yóò kọ.

A ò lè dá a lẹ́bi tán o. Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ tí àwọn àdúgbò wọ̀nyí wà ló fàyè gba irú ẹ̀. Nígbà ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ní èèyàn 1,277,714 ló ń gbé níjọba ìbílẹ̀ náà. Ìjọba Èkó ní irọ́ ni, wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjì. Èyí tó wù kó jẹ́ òótọ́, ọmọ àwọn èèyàn yẹn gbọ́dọ̀ jókòó síbì kan kàwé. Lateef Jakande, tó ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983, gbìyànjú. Ó sọ ẹ̀kọ́ dọ̀fẹ́, ó sì kọ́ kíláàsì gbọọrọ gbọọrọ káàkiri, àwọn tí kò fẹ́ tiẹ̀ sì ń pè é nílé adìyẹ. Ilé adìyẹ ọ̀hún ò gbà wọ́n mọ́. Bí ẹni tó kọ́ fúláàtì mẹ́rin sí àdúgbò tí ìjọba ò kọ́ nǹkan kan sí ṣe fi páálí pín pálọ̀ sí méjì nìyẹn, ló kun ara ògiri lóríṣiríṣi àwọ̀, ló ya Mickey Mouse tí ojú ẹ̀ wọ́ síbẹ̀, ilé ìwé bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Èkó ka àwọn ilé ìwé àdáni láàárín ọdún 2010 sí 2011, wọ́n lé ní 12,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò sì gbàṣẹ.

Orúkọ wọn a máa gùn. Adé á wà níbẹ̀, ògo á wà níbẹ̀, "International" ni yóò gbẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ kò sọ́mọ Kútọnu kan ṣoṣo nínú ọgbà. Àwọn mìíràn fi Montessori há a láàárín. Maria Montessori, dókítà obìnrin ará Ítálì tó ṣí ilé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Róòmù lọ́dún 1907, ní kí wọ́n jẹ́ kọ́mọ máa rìn kiri nínú kíláàsì, kó fọwọ́ ara rẹ̀ mú iṣẹ́ tó bá wù ú. Lẹ́yìn ráńdábáòtù Ìkòtún, ọmọ márùn-ún ló ń pín bẹ́ǹṣì kan, ẹni tó bá sì dìde láìgbàṣẹ, pàṣán ni.

Kí ló ń lé Mọ́mì Jùníọ̀ kiri? Ìdí rẹ̀ pọ̀. Ó ní ilé ìwé àkọ́kọ́ kì í na ọmọ, pé ìpáǹle ni wọn ìbá sọ Jùníọ̀ dà. Ìkejì nà án, ni Mọ́mì bá so gèlè mọ́dìí lọ ká wọn mọ́bẹ̀. Ní ìkẹta, Jùníọ̀ ṣe ipò kẹsàn-án. Ní ìkẹrin ó ṣe ipò kìíní, wọ́n se ìrẹsì, wọ́n ya fọ́tò, inú Mọ́mì dùn títí ó fi gbọ́ pé ọmọ mẹ́rin ló wà ní kíláàsì náà. Ní ti ìkarùn-ún, wòlíì ló ríran sí géètì wọn. Ẹ ò sì ní retí pé kí n bá wòlíì jiyàn, ní Ìkòtún.

Ìkẹfà ló dùn ún jù. Àǹtí sọ fún Jùníọ̀ pé, "Jókòó jẹ́ẹ́." Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, ní Yorùbá. Ọmọ délé, ó rò ó. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí Mọ́mì fi dé ọ́fíìsì: "Ṣé kí n máa san owó gọbọi, kẹ́ ẹ wá máa kọ́ ọmọ mi ní fàníkúlà ni?" Yorùbá ló fi jà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí Gẹ̀ẹ́sì ọwọ́ rẹ̀ ò lè gbé irú ìbínú yẹn. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 2018 ni Gómìnà Akínwùmí Àḿbọ̀dé ti fọwọ́ sófin pé kí gbogbo ilé ìwé Èkó, tìjọba àti àdáni, máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Ilé ìwé Jùníọ̀ gbọ́ràn o. Ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fi í sí, nígbà tójú gbogbo ọmọ ti wà lára kòròpé tó fẹ́ gbé wọn lọ ilé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán fífi Yorùbá kọ́ ọmọ wò ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ohun gbogbo fọ́dún mẹ́fà gbáko, wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, àwọn ọmọ náà ò sì gbẹ́yìn níbì kankan, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún. Mo rò ó fún Mọ́mì Jùníọ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé ọmọ tọ̀jọ̀gbọ́n wà níbẹ̀. Mo dákẹ́.

Ìdí kan ṣì wà tí kì í sọ. Bí tọ́ọ̀mù bá wọ ọ̀sẹ̀ kẹrin, akápò ilé ìwé á mú bẹ́ǹṣì síwájú géètì pẹ̀lú ìwé orúkọ, ẹni tí kò bá tíì san owó á padà sílé. Ibà Jùníọ̀ mọ ọjọ́ yẹn. Kì í tètè dé, kì í pẹ́ dé, ọjọ́ kejì lara rẹ̀ á sì yá. Mọ́mì á san díẹ̀, á bẹ̀bẹ̀ fún díẹ̀, á ní Dádì Jùníọ̀ ń retí owó kọ́ńtíráàtì. Tọ́ọ̀mù kẹta á parí, ọlidé á dé, ẹ ó kàn rí i lórí WhatsApp àwọn òbí pé ó ti jáde nínú gúrúùpù. Kò sọ ó dìgbà, kò sì gba létà. Àwọn tó ni ilé ìwé nínú ẹgbẹ́ NAPPS àti AFED a máa bá ara wọn sọ ọ́ pé kẹ́nikẹ́ni má gba ọmọ tí kò bá mú létà ilé ìwé tó ti ń bọ̀ dání. Wọ́n á fohùn ṣọ̀kan, wọ́n á mu mínírà, wọ́n á túká. Bó bá di oṣù kẹsàn-án, tí àga òfìfo sì ń wò wọ́n lójú, ta ló fẹ́ rí létà?

Ẹ wo Mọ́mì lọ́jọ́ tó lọ gba ààyè ní ilé ìwé keje. Ó wọ gíláàsì dúdú, ó kìlọ̀ fún Jùníọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú Máàruwà pé "Yes ma" ni kó máa wí o, kò gbọdọ̀ ní "Ẹn". Fáànù onídùúró ń yí nínú ọ́fíìsì, ife ẹ̀yẹ oníke tò sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Kíláàsì wo ló wà?"

"Fáìfù ló ń lọ, mà."

Púráímárì Tírì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Jùníọ̀ lanu, Mọ́mì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Wọ́n fún un níwèé ìdánwò. Ó kọ ọ́ pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ 54, olú ìlú Nàìjíríà jẹ́ Ìkẹjà, ọ̀rọ̀ tó dọ́gba pẹ̀lú "big" jẹ́ "bigger". Ìyá onílé-ìwé yẹ̀ ẹ́ wò, ó yọ gíláàsì ojú, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí gbìyànjú gan-an. Àwọn Àǹtí wa á fà á sókè." Ó bi Mọ́mì bóyá Jùníọ̀ ní àbúrò. Mọ́mì ní ó ní in. Ìyá onílé-ìwé ní tó bá mú àwọn méjèèjì wá, òun á yọ owó fọ́ọ̀mù ẹnì kan. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Bí Jùníọ̀ ṣe fo Púráímárì Fọ́ọ̀ nìyẹn, tẹ́nikẹ́ni ò sì bi í bóyá ó gbé nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀.

Mọ́mì ò ní in lọ́kàn pé kó ṣe Síìsì náà. Láti Fáìfù ni yóò ti jókòó ṣe ìdánwò àbáwọlé sílé ìwé gírámà, ọmọ Mọ́mì Precious ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2024 tí Tahir Mamman, mínísítà ẹ̀kọ́ ìgbà náà, ní ọmọ tí kò tíì pé 18 kò gbọdọ̀ wọ yunifásítì, Mọ́mì Jùníọ̀ ò jẹun alẹ́. Ó ní ìlara ni. Oṣù kọkànlá ọdún náà ni mínísítà tuntun yí i padà, ó sì ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Jùníọ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ ń gbé àwo ọrẹ níwájú.

Báàgì Ghana-must-go kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn tí mo ti fojú ara mi rí inú rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì ṣẹ́ẹ̀kì aláwọ̀ àlùkò. Ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ ewé. Wésíkòótì pupa tí wọ́n ní kó máa wọ̀ lọ́jọ́ Ajé, nínú ooru Èkó. Súẹ́tà tí rọ́bà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Gáùnù ìkẹ́kọ̀ọ́jáde jéléósinmi pẹ̀lú fìlà onígun mẹ́rin rẹ̀, méjì, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni Jùníọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní jéléósinmi, ní ilé ìwé méjì. Ẹ ò lè rí wọn rà lọ́jà Ìkòtún. Ilé ìwé nìkan ló ń tà wọ́n, owó wọn ti wà nínú bíìlì kẹ́ ẹ tó béèrè. Ìwé náà bẹ́ẹ̀: inú rẹ̀ lọmọ ń kọ ìdáhùn sí, àbúrò ò lè lò ó. Ìyá àgbà wá kí wọn láti Ìjẹ̀bú, ó rí aṣọ àlùkò náà, ó fi nu ìdí ìkòkò. Mọ́mì figbe ta: "Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá! Ẹ mọ iye tí mo ra àkísà yẹn?"

Ìyá àgbà ò mọ̀ ọ́n. Lábẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955 ló ti wọ ilé ìwé. Ilé ìwé kan ṣoṣo ló lọ, ibẹ̀ ló sì ti parí rẹ̀. Òun ló ń bá Jùníọ̀ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ìṣirò ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó lò lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀gbẹ́dá nilé ìwé tuntun yìí wà, Ìgàndó ni wọ́n ń gbé. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń jí ọmọ, kó lè la Ìkòtún àti Ìdímù kọjá kí gosiló tó dì. Inú kòròpé ló ti ń jẹ búrẹ́dì, ibẹ̀ ló ti ń sùn, ibẹ̀ ló ti ń kàwé. Ṣùgbọ́n Mọ́mì ní àwọn Àǹtí Ẹ̀gbẹ́dá yàtọ̀, pé wọ́n dáńtọ́, pé fóníìsì ẹnu wọn ò láfiwé. Lọ́jọ́ ìbẹ̀rẹ̀, Jùníọ̀ wọ kíláàsì, ó wò, ó bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí tó ní kó jókòó jẹ́ẹ́ ló wà níwájú pátákó. Owó oṣù ò tó nǹkan níbi tó wà, ló bá ṣí lọ Ẹ̀gbẹ́dá níbi tí wọ́n fi díẹ̀ lé e. Jùníọ̀ délé, kò sọ. Ọmọ náà ti ń gbọ́n, nílé ìwé kan tàbí òmíràn.

Ọdún yẹn ò tíì parí tí Mọ́mì tún fi gbọ́ nípa ilé ìwé kan ní Akówọnjó tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní kódìn àti èdè Faransé. Ó gbọ̀nà ẹ̀bùrú lọ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó fi gèlè bojú, kẹ́nikẹ́ni láti Ẹ̀gbẹ́dá má baà rí i. Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó bá àyè kan, ó jókòó, ó yíjú. Ìyá onílé-ìwé Ẹ̀gbẹ́dá ló jókòó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di ọmọ rẹ̀ àbíkẹ́yìn mú lọ́wọ́ kan, ó mú báírò lọ́wọ́ kejì.

Wọ́n wo ara wọn. Ìyá onílé-ìwé ló kọ́kọ́ rí ohùn.

"Mọ́mì Jùníọ̀, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ dákun, èló ni wọ́n ta fọ́ọ̀mù fún ẹ̀yin?"